Dírẹ́bà Tuntun

"Ta ni dírẹ́bà yẹn?"

Màmá ló béèrè. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tí a ti ń sọ láàárín ara wa pé driver yìí ló fà á, driver yìí ló ba gbogbo nǹkan jẹ́, a ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ wa láti orí àga tí wọ́n jókòó sí. Ẹ wò ó láti ojú tiwọn: a ní kí wọ́n wá wo bí bàálù ṣe ń fò, bàálù dé ojú kọ̀ǹpútà, ó ń gbọ̀n, ó ń dúró gbagidi lójú òfurufú, ó tún ń fò síwájú lójijì, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń bú dírẹ́bà. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò?

"Màmá, kì í ṣe dírẹ́bà bàálù là ń wí. Dírẹ́bà kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà náà ní dírẹ́bà?"

"Ó ní, mà."

Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wo àwa, wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró. "Ẹ̀jìrẹ́, ẹ bá mi sọ fún àǹtí yín pé n ò lọ mọ́."

Àǹtí wa, ìyẹn àbúrò mọ́mì wa, ló bímọ ní London. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ sì ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ó nílò ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀, kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ kí wọ́n wá ṣe fàájì. Físà ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀: Ìkẹjà sí Heathrow, nǹkan bí 5,000 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Màmá ò wọ bàálù rí láyé wọn. Bọ́ọ̀sì Ìbàdàn sí Kano, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta aṣọ, ni ìrìn-àjò tó jìnnà jù tí wọ́n ti lọ, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé nínú bọ́ọ̀sì, bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, èèyàn á bọ́ sílẹ̀. "Níbi tẹ́ ẹ ní kí n lọ yìí, níbo ni mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ sí?" A ò rí èsì fún un.

Àwa la wá gbọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti ń fi X-Plane 11 fo bàálù lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí a jọ dáwó rà. Èkó sí Abuja, Èkó sí Accra, nígbà mìíràn Ìbàdàn sí Ìlọrin nínú Cessna kékeré, kí a kàn máa wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ló máa ń wa bàálù, èkejì ló máa ń tún settings ṣe. A kì í sọ ẹni tó ń ṣe èwo, torí bí nǹkan bá bàjẹ́ a máa ń pààrọ̀ ara wa. A ní: ẹ jẹ́ ká fi han Màmá. Kí wọ́n jókòó lórí àga nínú pálọ̀, kí wọ́n wo ojú fèrèsé bàálù, kí wọ́n rí bó ṣe ń gbéra, bó ṣe ń yí, bó ṣe ń balẹ̀. Ohun tí ojú bá ti rí lẹ́ẹ̀kan kì í dẹ́rù bà á bíi ti àkọ́kọ́.

Èrò yẹn ò burú. Ohun tó burú ni Thursday.

Ní òru Thursday, ọ̀kan nínú wa (ó ní a ò gbọdọ̀ sọ ẹni tó jẹ́) rí àpótí kékeré kan nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà tó ní driver tuntun ti jáde fún graphics card wa. A ní détà òru, ó lé ní 600 MB, ó ní kò sóhun tó máa gbà á. Ká ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀: driver yìí dà bí ògbufọ̀. Gémù ò mọ èdè tí káàdì ń sọ, káàdì ò sì mọ ti gémù. Driver ló wà láàárín wọn tó ń sọ pé, "Ó ní kí o ya kùrukùru síbí, kó o ya ilé sọ́hùn-ún." Bí ògbufọ̀ bá dáa, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá.

Nígbà tí ó ń gbé e wọlé, ẹni yẹn tún rí ibì kan tí wọ́n kọ clean install sí, ó fi àmì sí i. Ó ní òun ti gbọ́ rí pé ó dára, pé ó máa ń gbá gbogbo ìdọ̀tí dànù. Òótọ́ ni, ó máa ń gbá a dànù. Ó tún máa ń gbá gbogbo ohun tí ẹ ti kọ́ ògbufọ̀ àtijọ́ dànù pẹ̀lú. Iná lọ kó tó parí dáadáa, a padé láptọ́ọ̀pù, a sùn. A ò dán nǹkan kan wò.

Ọ̀sán Saturday la gbé e síwájú Màmá. Iná wà, a gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì pálọ̀, a so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kó lè tóbi dáadáa. A gbé Boeing 737 sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ojú ọ̀nà 18R, èyí tó gùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,900 mítà. A tẹ̀ ẹ́ síwájú. Màmá di ọwọ́ àga mú.

Ó yẹ kí bàálù náà gbéra láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ó ṣì wà nílẹ̀. Àwọn iná ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé ẹnì kan ń kà wọ́n. Ìró ẹ́ńjìnnì ń já, ó ń padà wá. Màmá ti gbàdúrà tán, wọ́n ti ṣe àmín, bàálù ò tíì kúrò ní Ìkẹjà. Nígbà tó wá gbéra, ó gbéra bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá gbé: ó lọ sókè, ó dúró, ó lọ sókè, ó dúró.

"Báyìí ló ṣe máa ń dúró lókè?" Ohùn wọn ti yí padà.

A tan òǹkà tó máa ń fi iye àwòrán hàn. 9. Kọ̀ǹpútà wa ń ya àwòrán mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀ torí ibí ló dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ wa lọ́jọ́ náà. Ohun gbogbo tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán tí kò rìn ni, tí wọ́n ń pààrọ̀ kíákíá. Bí ó bá jẹ́ 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan ò ní ju mìlísẹ́kọ́ńdì 17 lọ, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bó bá di 9, ojú á rí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n nínú X-Plane, kì í ṣe ojú nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Láàárín àwòrán kan sí èkejì ni ó máa ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé ìyẹ́ bàálù. Bí àlàfo yẹn bá ti gùn jù, ìṣirò náà á dàrú, bàálù lè máa jù ara rẹ̀ káàkiri bí ẹja inú agbọ̀n. Nítorí náà, bí iye àwòrán bá ti wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 20, ó máa ń fa aago sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú bàálù á di méjì ní pálọ̀. Kì í ṣe pé bàálù wa ò sáré. Àkókò gan-an ni kò sáré mọ́.

Ẹ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá àgbà tó ti dìde.

Mọ́mì bá wa ní yàrá lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. "Kí lẹ fi han ìyá mi?" A ní bàálù ni. "Irú bàálù wo? Wọ́n ní wọ́n rí i tó dúró lókè! Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín sọ pé dírẹ́bà rẹ̀ ò dáa!" Àǹtí ti pè láti London, Màmá sì ti sọ fún un lórí fóònù pé kó wá ẹlòmíràn. Mọ́mì ò tilẹ̀ pariwo mọ́ nígbà tó ń sọ ìyẹn. Friday ni ìrìn-àjò. A mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ gémù mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó ní alẹ́ Saturday.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni ohun tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe: a fa ohun gbogbo wálẹ̀. Visual Effects, wálẹ̀. Texture Quality, wálẹ̀. Number of World Objects, wálẹ̀ pátápátá, títí Èkó fi di pápá. Ẹ fojú inú wo Èkó láìsí ilé kan. Omi ọ̀sà dà bíi páànù. Láti 9 ó gòkè dé 16, ó dúró síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní ká dá driver àtijọ́ padà, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì Roll Back ti kú, kò ṣe é tẹ̀, torí clean install ti kó àtijọ́ lọ. Détà sì ti tán. A bẹ̀rẹ̀ sí í bú ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà, a ò ní dárúkọ wọn, wọn ò kúkú gbọ́ Yorùbá.

Èkejì wa (ẹni tó dákẹ́ látọjọ́ yìí) ló ní ohun kan ò yé òun. Bí Texture Quality bá wálẹ̀ tí nǹkan ò yí padà lọ́nà tó yẹ, ṣé káàdì náà ń ṣiṣẹ́ ṣá? A ṣí Task Manager. GPU 0: 98%. GPU 1: 0%.

Òdo. Káàdì wa ń sùn.

Láptọ́ọ̀pù bíi tiwa ní méjì. Kékeré ń gbé inú processor, ó ń yá mẹ́mórì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, òun ni wọ́n ń lò fún fíìmù àti títẹ lẹ́tà kí bátìrì má baà tètè tán. Ńlá dá dúró, ó ní mẹ́mórì tirẹ̀, tiwa jẹ́ 4 GB. Èwo ni kí gémù kan lò? Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní alẹ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé X-Plane wọlé, a ti sọ ọ́, a sì ti gbàgbé pé a sọ ọ́. Ògbufọ̀ tuntun dé, kò bá ìwé kankan nílẹ̀, ó rí gémù, ó gbé e fún kékeré. Kékeré náà ń gbìyànjú. Àwòrán mẹ́sàn-án tó ń yà yẹn, ó ń làágùn ni. A wá káàánú rẹ̀ díẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. A lọ sínú control panel káàdì, a ní kí X-Plane máa lo ńlá. A lọ sínú Settings ti Windows, Display, Graphics, a mú X-Plane, a yan High performance. A pa á, a tún tàn án. Ó lọ́ra gan-an láti ṣí, ọkàn wa fò, ká tó rántí pé lẹ́yìn driver tuntun gémù ní láti tún shader rẹ̀ pọ̀n lọ́tun, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣí, òǹkà ní 58. Èkó ṣì jẹ́ pápá o, ṣùgbọ́n pápá tó ń lọ geere ni.

Nígbà náà ni iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀, torí a ò tún settings ṣe fún ara wa mọ́.

Bó bá jẹ́ fún wa ni, a mọ ohun tí a fẹ́: kó rẹwà, kí àwọsánmà wú, kí òòrùn máa dán lórí omi, kó gbọ̀n díẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n Màmá ò bìkítà fún ìyẹn. Ohun tó lé wọn kúrò ní pálọ̀ ni ìdúró. Nítorí náà, Reflection Detail, a pa á: ó ń gba agbára gan-an, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù omi. Òjìji ilé, a pa á. Texture Quality, a gbé e padà sókè torí 4 GB yẹn gbà á, ìwé ara ìjókòó àti ara ìyẹ́ bàálù á sì hàn kedere. World Objects, a fi sí ìwọ̀nba, ilé díẹ̀ níbí, ilé díẹ̀ níbẹ̀. (Àwọn ilé yẹn náà, ilé òyìnbó tó ní òrùlé ṣóńṣó ni, wọ́n tò sí Ìkẹjà bíi pé wọ́n ṣìnà. Màmá ò ní mọ̀, a rò bẹ́ẹ̀.) Antialiasing la fi agbára sí jù, nítorí láìsí i, etí ìyẹ́ bàálù máa ń rí ṣágaṣàga bíi ayùn, ó sì ń jó. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí ẹ wo ìyẹ́ bàálù tí ẹ rí i tó ń jó, ẹ ó padà sílé.

Lẹ́yìn náà la so ó mọ́ 30. Ó lè ṣe 50 nígbà mìíràn, àmọ́ tó bá ti dé òkè Èkó ó ń já sí 33. Ẹni tó bá ti wọ dánfó rí mọ̀ pé kì í ṣe eré ló ń da inú rú, eré-dúró-eré-dúró ni. 30 tí kò yẹsẹ̀ sàn ju 50 tó ń ṣubú lọ. A ṣe ìyẹn nínú control panel, a fò láti Èkó dé òkè Ìlọrin, a ò gbé ojú kúrò lára òǹkà. 30. 30. 30.

Aago méjì òru la wá jà.

Ọ̀kan ní ká fi ojú ọjọ́ sí dídára: kò sí kùrukùru, kò sí afẹ́fẹ́, ọ̀run mọ́ tónítóní. Kí Màmá gbádùn. Èkejì ní rárá, bàálù gidi máa ń mì, pàápàá bí ó bá ń la ìkúukùu kọjá, bí a bá fi èyí tí kì í mì hàn wọ́n, nígbà tó bá mì lóòótọ́ lókè aṣálẹ̀ Sahara, tí a ò sí níbẹ̀, kí ni wọ́n máa rò? Wọ́n á ní àwọn ọmọ yìí parọ́ fún mi. Àkọ́kọ́ ní ṣé torí pé ó gbọ̀n kọ́ ni wọ́n ṣe dìde lánàá? Èkejì ní gbígbọ̀n àná, irọ́ ni. Ti afẹ́fẹ́, òótọ́ ni, ẹ ò sì lè fi méjèèjì sínú àpò kan. A sọ ọ̀rọ̀ sí ara wa tí a ò ní kọ síbí. Àwa tí a jọ wà nínú ikùn kan, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Níkẹyìn, a fi ìkúukùu sí i, a fi turbulence díẹ̀ sí ìpele kan lókè. Díẹ̀ péré. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Láti mú Màmá wá sí pálọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, a dọ̀bálẹ̀ o. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìrẹsì, Mọ́mì jókòó tì wọ́n, ó di ọwọ́ wọn mú.

"Dírẹ́bà yẹn ńkọ́?"

"A ti bá a sọ̀rọ̀, mà."

Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la fi hàn wọ́n, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀. Ó sáré, ó gbéra ní ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlógójì, ẹnì kan nínú wa kà á. Ìkẹjà tẹ̀ sísàlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n tẹ́. Màmá ò sọ nǹkan kan. Ó yí sápá òsì, ìyẹ́ dẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n fà sí ọ̀tún lórí àga, Mọ́mì náà fà pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà a rí ìkúukùu níwájú.

"Màmá, ó máa mì díẹ̀ báyìí o."

Ó mì. Ojú fèrèsé funfun, ìyẹ́ ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbá ọwọ́ àga mú.

"Kòtò ni?"

"Rárá mà. Afẹ́fẹ́ ni. Bó ṣe ń fẹ́ ò dọ́gba."

"Kò sí kòtò lókè?"

"Kò sí, mà."

Wọ́n wò ó títí ó fi jáde sínú òòrùn. "Kò sí kòtò, kò sí agbégbọ́n, kò sí tírélà." Wọ́n ń kà á fún ara wọn ni. Lẹ́yìn náà, láìwo wa: "Ṣé ó ti já rí?"

Ẹni tó fẹ́ ojú ọjọ́ dídára la rò pé ó máa parọ́. Òun ló dáhùn. "Ó ti já rí, Màmá. Ṣùgbọ́n kì í sábà já. Ọ̀nà Kano tí ẹ máa ń gbà yẹn léwu jù ú lọ."

"Mo mọ̀ pé ó ti já," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa sọ fún mi." Wọ́n wá béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú bàálù, ìyẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tí X-Plane ò lè fi hàn wọ́n, a ní láti yà á sórí pépà.

Wọ́n lọ ní Friday. Ní àárọ̀ Saturday wọ́n pè wá láti London, ohùn ọmọ ń dún lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní ó mì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní obìnrin tó jókòó tì wọ́n ń ké, àwọn ni wọ́n ń sọ fún un pé kò sí kòtò níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn bi ọmọ tó ń pín oúnjẹ bóyá dírẹ́bà wọn ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ó ti pẹ́, ni wọ́n bá sùn.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí," ni Màmá wí, "ilé Èkó pọ̀ ju tiyín yẹn lọ o. Mo wo ìsàlẹ̀. Ibo lẹ kó ilé àwọn èèyàn lọ?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà a gbé World Objects sókè. Òǹkà já sí 22. A dá a padà.